Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ọkàn Ń Fẹ́

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí; ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí, ẹ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Nígbà tí a bá ń pa á, ìrònú wa a máa lọ sọ́dọ̀ òpùrọ́ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó hun irọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ mìíràn wà tí ń rọra wọlé ju èyí lọ. Ènìyàn wo nǹkan, kò rí i dáradára, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ẹ, tàbí nítorí pé gbogbo àwọn tí ó yí i ká ní àwọn ti rí i, òun náà wí pé, "Mo rí i." Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi? Kí sì ni ó yẹ kí olóòótọ́ ènìyàn ṣe nígbà tí ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kò bá dọ́gba?

Èmi tí mo ń bi yín ní ìbéèrè yìí ti jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Muṣin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ ní àdúgbò wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, òṣùpá àrànmọ́jú sì yọ. Lójijì ni mo gbọ́ ariwo ní ìta. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ni ó tú jáde, tí wọ́n gbé ojú sókè. Ohun tí wọ́n ń pariwo ni pé àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ hàn nínú òṣùpá. Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìròyìn rẹ̀ tàn ká ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, àwọn àgbà tí ó wà láàyè lónìí kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Ẹnì kan nawọ́, ó ní òun rí fìlà bàbá. Ẹlòmíràn ní òun rí awò ojú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, omijé ayọ̀ sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a kò tíì bí nígbà náà ní láti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Olóyè Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, Muṣin sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ayé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró ní ìta ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti ipa ètò yìí mọ ìwé kà, èmi pàápàá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìfẹ́ ni ó gbé ojú wọn sókè, kì í ṣe ìwà búburú.

Èmi náà gbé ojú sókè. Mo wò títí ọrùn fi ń dùn mí. Òṣùpá ni mo rí, pẹ̀lú àwọn àbàwọ́n dúdú tí mo ti ń rí lára rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà rí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú gbogbo àwọn tí ó yí wa ká, mo sì dáhùn pé, "Mo rí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ní kíláàsì mi. Mo ní kí gbogbo ẹni tí ó bá rí bàbá nínú òṣùpá nawọ́ sókè. Gbogbo ọwọ́ ni ó lọ sókè àfi ti ọmọdékùnrin kan. Mo bi í pé, "Ìwọ kò jáde ni?" Ó dìde, ó ní, "Mo jáde, sà. Mo wò ó pẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sà." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú rẹ̀ kò dára. Ó yẹ kí n gbèjà rẹ̀. Dípò èyí, mo ní ó ń ṣe àfojúdi sí àwọn àgbà, mo sì ní kí ó lọ kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì títí agogo ìsinmi yóò fi lù. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: olùkọ́ tí ó purọ́ jókòó sórí àga, ọmọ tí ó sọ òtítọ́ wà lórí eékún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ bí ohun tí mo ṣe ti wúwo tó. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2001, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá láti wá ohun tí mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nínú ìwé kan tí mo ṣí, mo rí àwòrán méjì tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkíní jọ ojú ènìyàn tí ó dùbúlẹ̀ tí ó ń wo òkè: ihò ojú wà níbẹ̀, imú wà níbẹ̀, ẹnu sì wà níbẹ̀. Èkejì jẹ́ òkè lásán tí afẹ́fẹ́ àti ọjọ́ ti jẹ lára. Ìwé náà wí pé ibì kan náà ni a ti ya àwòrán méjèèjì, lórí ilẹ̀ Máàsì.

Máàsì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn po bí ayé tiwa ti ń yí i po. Pílánẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ayé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1976, ọkọ̀ òfurufú kan tí kò ní ènìyàn nínú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà pe orúkọ rẹ̀ ní Viking 1, dé ibẹ̀, ó sì ń yí i po. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún náà, ó ya àwòrán agbègbè kan tí a ń pè ní Cydonia. Oòrùn ti rẹlẹ̀ níbẹ̀, òjìji sì bo apá kan lára òkè náà. Òjìji yìí ni ó di ihò ojú, òun náà ni ó sì di ẹnu. NASA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó rán ọkọ̀ náà, sọ fún gbogbo ayé nígbà tí ó gbé àwòrán yìí jáde pé òjìji ni ó mú kí òkè náà jọ orí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá kan ni ó gbẹ́ ère ńlá náà, pé ìjọba sì ń fi òtítọ́ pamọ́.

Àwọn onímọ̀ ì bá ti wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó èsì, kí wọ́n sì dákẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà lọ wò ó. Ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Mars Global Surveyor ya àwòrán ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1998 pẹ̀lú kámẹ́rà tí ó ríran ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ìṣáájú lọ. Òkè ni ó hàn. Àwọn kan ní kùrukùru ni ó bò ó, nítorí pé ojú ọjọ́ kò mọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà wọ́n tún padà ní oṣù Kẹrin 2001, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, wọ́n sì ya àwòrán tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé kékeré kan ì bá hàn nínú rẹ̀, bí ó bá ṣe pé ilé wà níbẹ̀. Òkè ni, òkè tí orí rẹ̀ tẹ́. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu.

Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe Máàsì ni mo ń rí mọ́. Muṣin ni mo ń rí, àti ọmọdékùnrin kan tí ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa àwọn àwòrán tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń yà ní ojú ilẹ̀ àwọn ayé mìíràn. Mo rí i pé bí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ ni wọ́n jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà.

Ẹ má rò pé àwọn aláìmọ̀wé nìkan ni àṣìṣe ojú ń bá. Ní ọdún 1877, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Giovanni Schiaparelli, fi awò ńlá tí a fi ń wo ọ̀run wo Máàsì, ó sì rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Percival Lowell, kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Flagstaff ní ìpínlẹ̀ Arizona ní 1894. Ó ń wo Máàsì ní òru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi ọwọ́ ya àwòrán àwọn ìlà náà, ó sì kọ ìwé pé ipa omi ni wọ́n, tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá gbẹ́ láti fi fa omi wá sí ilẹ̀ wọn tí ń gbẹ. Lowell kì í ṣe òpùrọ́. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì gba ohun tí ó kọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ó kú ní 1916 láì yí èrò rẹ̀ padà.

Ní oṣù Keje 1965, ọkọ̀ Mariner 4 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máàsì, ó sì ya àwòrán mọ́kànlélógún àti apá kan èkejìlélógún. Ó yẹ kí ẹ mọ bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí kò sí ẹni tí ó lọ gbé fíìmù wá láti ibẹ̀. Ọkọ̀ náà pín àwòrán kọ̀ọ̀kan sí igba ìlà, ó sì pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí igba àmì tóótòòtó. Ó wọn bí ìmọ́lẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan ti tó, ó fi nọ́ńbà kan dúró fún un, ó sì fi ìgbì rédíò rán àwọn nọ́ńbà náà wá sí ayé. Wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwòrán ẹyọ kan fi ń wọlé. Ara àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dúró dè é ní Pasadena, ní Kalifọ́níà, kò gbà á mọ́. Wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà náà sórí tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n sì mú ẹfun alárabarà, wọ́n ń kùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kun àwòrán. Nígbà tí gbogbo àwòrán dé tán, kò sí ipa omi kankan níbẹ̀. Kòtò ńlá ńlá ni wọ́n rí, bí irú èyí tí ó wà lára òṣùpá.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ rí ilẹ̀ tí ó ní omi àti ewéko. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó dé ni wọ́n kùn. Wọn kò kun nọ́ńbà tí ọkàn wọn ń fẹ́.

Kámẹ́rà pàápàá kò lè dá jẹ́rìí. Ènìyàn ni ó ń túmọ̀ ẹ̀rí rẹ̀. Viking 1 tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní apá kan tí ó sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ Máàsì ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 1976. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ àkọ́kọ́ dé láti ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe bí wọ́n ti rò pé ó yẹ, ojú ọ̀run inú rẹ̀ sì rí bí aró, bí ti ayé wa. Láìpẹ́, wọ́n yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ti ṣì í: eruku tí ó kún afẹ́fẹ́ Máàsì ti jẹ́ kí ojú ọ̀run rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. A gbọ́ pé àwọn oníròyìn kan fi ẹ̀fẹ̀ hó lé wọn lórí nígbà tí wọ́n kéde àtúnṣe náà, nítorí pé ti àkọ́kọ́ dùn mọ́ wọn ju ti èkejì lọ. Síbẹ̀ wọ́n kéde rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn ṣìnà. Ìtìjú wà nínú kí ó mọ̀ pé òun ti ṣìnà kí ó sì dákẹ́.

Òṣùpá tiwa ńkọ́? Àwọn àbàwọ́n tí a ń rí lára rẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbàǹgbà. Ní ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, àpáta yíyọ́ tú jáde láti inú òṣùpá, ó kún àwọn kòtò ńlá, ó sì dì, ó di òkúta dúdú. Orí ọ̀kan nínú àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ni Neil Armstrong àti Buzz Aldrin sọ̀kalẹ̀ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 1969. Eruku àti òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa sọ fún wa nígbà tí a bá ń pàlọ́ pé ọkùnrin kan tí ń la igi wà nínú òṣùpá. Àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù ní ehoro ni. Àbàwọ́n kan náà ni gbogbo wa ń wò. Olúkúlùkù sì ń fi ohun tí ó ti wà ní ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un.

Bákan náà ni ẹ̀yìn òṣùpá. Òṣùpá kì í kọ ẹ̀yìn sí ayé rárá, nítorí náà kò sí ojú kan tí ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá 1959, nígbà tí ọkọ̀ Luna 3 ti àwọn ará Rọ́ṣíà lọ ya àwòrán rẹ̀. Ó hàn nígbà náà pé ẹ̀yìn kò jọ iwájú: àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú tí ó wà níbẹ̀ kéré púpọ̀. Àgùàlà ẹlẹ́wà, tí àwọn baba wa ń pè ní ajá òṣùpá, ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá 1975, ọkọ̀ Venera 9 balẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì rán àwòrán wá: òkúta pẹlẹbẹ, nínú ooru tí ó lè yọ́ òjé. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìfẹ́ inú rẹ̀ mọ nǹkan wọ̀nyí. Àfi kí a lọ wò ó.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Bàbá, kí ni àwòrán inú òṣùpá bàjẹ́? Ayọ̀ ni ó mú wá. Kò pa ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ yìí ní láákàyè nínú. Kí ènìyàn fẹ́ràn olóore rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, n kò sì fi ẹni tí ó gbà tòótọ́tòótọ́ pé òun rí i ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bi tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òun ṣì í. Èmi mọ̀ pé n kò rí i, mo sì ní mo rí i. Ẹnu tí ó bá sì ti mọ́ lára láti máa wí pé "mo rí i" nígbà tí kò rí i kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣùpá àti ọjà. Ẹ̀yin tí ń gbé Muṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹnì kan á kígbe "Olè!" ní ibùdókọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ogún ènìyàn ti péjọ. Ẹni tí ó ń ra ẹ̀kọ ní òpópónà kejì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ á ní ojú òun ni ọkùnrin náà ṣe fa àpò obìnrin náà já. Òmíràn á ní òun rí i lánàá pẹ̀lú. Igi á sọ̀kalẹ̀, òkúta á sì tẹ̀ lé e. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti ran aláìṣẹ̀ lọ sọ́run. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín àwòrán ti 1976 àti èyí ti 2001, òkè Máàsì sì dúró síbẹ̀ de àwọn tí yóò padà wá wò ó. Aláìṣẹ̀ tí a ti pa kì í dúró de ìwò kejì.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Ṣé kí a má gba ohunkóhun gbọ́ mọ́, àfi èyí tí a bá fi ojú ara wa rí?" Rárá o. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti dé Máàsì rí. Ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ni a gbà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ju ẹlẹ́rìí lọ. Ẹlẹ́rìí rere a máa sọ ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó wò, bí ìmọ́lẹ̀ ti rí, àti ibi tí agbára ojú rẹ̀ mọ. Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ní ojú ní òfurufú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, a rán NigeriaSat-1 lọ sókè láti máa ya àwòrán ayé tiwa. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ tí ó tó mítà méjìlélọ́gbọ̀n ní ìbú àti ní òró. Bí ẹnì kan bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá, tí ó ní òun rí ènìyàn tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ni ó rí i, ojú rẹ̀ kò rí i. NigeriaSat-2, tí ó gòkè lọ ní 2011, ríran jù ú lọ fíìfíì, nítorí pé àmì rẹ̀ lè kéré tó mítà méjì ààbọ̀. Òun náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Kò sí ojú tí kò ní òpin, kò sì sí àwòrán tí kò ní ìwọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Èkíní, ẹ máa sọ ìwọ̀n ohun tí ẹ rí, kí ẹ má sì fi ìfẹ́ inú yín dí àlàfo tí ó kù. Bí ó bá jẹ́ òjìji ni ẹ rí, ẹ sọ pé òjìji ni. Èkejì, ẹ máa padà lọ wò ó. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bá sì ti yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́, ìwò kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Èyí kan àwọn àwòrán tí ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn lónìí. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ wádìí ibi tí a ti yà á àti ìgbà tí a yà á. Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Bí gbogbo ayé bá ní àwọn rí i, tí ìwọ kò sì rí i, fi ọ̀wọ̀ sọ pé o kò rí i. Bí ó bá sì yé ọ lẹ́yìn náà pé ìwọ ni o ṣìnà, kéde èyí náà pẹ̀lú ohùn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọdékùnrin náà, nítorí òun ni ó dáhùn ìbéèrè wa. Kò ní kò sí nǹkan kan nínú òṣùpá. Kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ohun tí ó sọ kò ju pé òun wò ó pẹ́, òun kò sì rí ẹnikẹ́ni. Kò sí onímọ̀ kan ní Pasadena tí ó lè jẹ́rìí tí ó pé ju èyí lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọgbọ́n ọmọdé nìkan ni ó wà ní kíláàsì mi.

Nígbà tí mo di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo ṣe òfin kan tí àwọn olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ mi kò gbọdọ̀ rú: a kò gbọdọ̀ jẹ ọmọ kankan níyà nítorí pé ó ní, "N kò rí i," tàbí pé, "Kò yé mi." Mo tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ náà láti wá ọmọ tí mo fi ìyà jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ti kó kúrò ní àdúgbò. Bí ó bá wà láàyè, yóò ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín; bí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, yóò mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kò rí ẹnikẹ́ni nínú òṣùpá ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí òṣùpá àrànmọ́jú mìíràn bá yọ, ẹ jáde lọ sí ìta, kí ẹ sì wò ó dáradára. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún ẹni tí ó bá dúró tì yín ní ohun tí ẹ rí, kí ó má dín, kí ó má sì lé.